Sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí mo ṣe fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú: ó ń ṣiṣẹ́ nílé mi, ó ń dàrú lọ́dọ̀ wọn

OmoLisabi (Aṣẹ́rò), ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa láti àná.

Mo fi Python, èdè ìkọ sọ́fítíwia, kọ sọ́fítíwia kékeré kan, PyQt5 ni mo fi ṣe ojú rẹ̀. Ìwé gbèsè ni: ta ló gbé àdìrẹ lọ, yáàdì mélòó, èló ló san, èló ló kù. Àǹtí mi tó ń tajà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ni mo torí ẹ̀ ṣe é, àwọn alábàáṣe ẹ̀ wá ní àwọn náà fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi PyInstaller sọ ọ́ di fáìlì .exe kan ṣoṣo tí wọ́n á kàn tẹ̀ kó ṣí lórí Windows, mo kó o sórí fíláàṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, antivirus (sọ́fítíwia tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà) gbé e mì kí n tó yọ fíláàṣì. Ní ìkejì, ojú búlúù kan yọ, ó ní Windows ti dáàbò bo kọ̀ǹpútà wọn. Màmá tó ni ìsọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀ bíi pé mo wá jí nǹkan. Ní ìkẹta, ó ṣí, ṣùgbọ́n a ti kí ara wa tán, a ti béèrè àlàáfíà ará ilé, kó tó jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àǹtí mi fúnra wọn. Wọ́n lò ó fún ọjọ́ 12 gbáko. Lánàá ni wọ́n pè mí pé àwọn ń wá gbèsè oníbàárà kan láti Ṣágámù, àwọn ò rí i. Mo débẹ̀, mo ṣí i: òfìfo. Mo ní ṣé wọ́n pa nǹkan rẹ́ ni, wọ́n ní rárá, pé láràárọ̀ ló máa ń ṣófo bẹ́ẹ̀, pé àwọn ṣáà rò pé bíi ti ìwé ni, tí èèyàn á ṣí ojú ewé tuntun fún ọjọ́ tuntun. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí.

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, nǹkan kan ò sọnù rí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Báwo lẹ ṣe ń di sọ́fítíwia tiyín tó fi ń dé ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà ní pípé?

Penguin_Camp, 8:31 alẹ́

Windows ni wàhálà ẹ, bọ̀bọ́. Gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, lé wọn lọ́wọ́, kó o di sọ́fítíwia ẹ sínú AppImage. Fáìlì kan ṣoṣo ni. Wọ́n á fún un láṣẹ kó ṣiṣẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ṣí. Èròǹgbà yẹn ti wà láti 2004, nígbà tó ṣì ń jẹ́ klik. Bó ò bá fẹ́ ìyẹn, lọ fi Flatpak, ọ̀nà ìdìsẹ́rù míì, dì í, kó o gbé e sórí Flathub, ìkànnì tó wà fún un, ẹni tó bá fẹ́ á bá a níbẹ̀. Antivirus kankan ò ní gbé e mì.

Tokunbo_Lafenwa, 8:40 alẹ́

Penguin tún ti dé o 😂 Ẹni tí orí ń fọ́ ń wá oògùn, o ní kó lọ pààrọ̀ orí.

Èmi ni mo ta kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Ìtòkú yẹn. Nínú gbogbo èyí tí mo tà lọ́dún yìí, méjì péré ni wọ́n ní kí n fi Linux sí, ọmọ fásitì sì ni àwọn méjèèjì. OmoLisabi, kó o tó di ohunkóhun, lọ wo ohun tó wà lórí tábìlì wọn ná. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti Pause pọ̀, á sọ fún ẹ bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit, oríṣi Windows méjì ni wọ́n. Èyí tó o bá fi Python 64-bit dì, ẹ̀rọ 32-bit ò ní ṣí i láéláé. Èyí tó o bá fi 32-bit dì á ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì.

Windows 7 náà ṣì pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti January 2020. Python 3.8 ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń bá 7 ṣe. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ẹ́ sọ́dọ̀ PyQt6 tó tẹ̀ lé PyQt5 o, kò mọ Windows 7 rí.

Egbon_Obantoko, 9:22 alẹ́

Àbúrò, fara balẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe ọ́, àmọ́ orísun kan náà ni wọ́n ti wá: fáìlì kan ṣoṣo tó o sọ ọ́ dà yẹn.

Wò ó báyìí. Ẹrù tí wọ́n dì pa ni .exe yẹn. Python wà nínú rẹ̀, PyQt wà nínú rẹ̀, kóòdù rẹ náà wà nínú rẹ̀. Ẹrù tí wọ́n dì pa kò ṣe é lò àfi tí wọ́n bá tú u. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí àǹtí rẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ lọ tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú fódà kan nínú Temp, ibi tí Windows ń kó ẹrù ìgbà díẹ̀ sí. Orúkọ fódà yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _MEI, nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá pa á dé, á gbá fódà náà dànù, á ní òun ti túnlé ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó ṣí. Ìdí nìyẹn náà tí antivirus fi ń fura sí i, torí ohun tí kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń ṣe gan-an nìyẹn: á tú ara rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, á wá máa ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀.

Wàyí o, ìbéèrè mi. Níbo ni kóòdù rẹ ń kọ gbèsè sí? Bó bá jẹ́ __file__ (ọ̀rọ̀ Python tó ń sọ ibi tí kóòdù wà) lo fi ń wá ibi tí fáìlì database, ìyẹn èyí tó ń gba gbèsè sílẹ̀, wà, àbúrò, inú fódà _MEI yẹn ni gbogbo gbèsè Ìtòkú ń lọ. Lálẹ́ tí àǹtí bá pa á dé, ó ti gbá a dànù nìyẹn. Nílé rẹ, kóòdù gan-an lò ń ṣí, kì í ṣe .exe, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí i.

Ohun tí wàá ṣe: fi onefile, ìyẹn ìdì fáìlì kan ṣoṣo, sílẹ̀, onedir ni kó o lò. Á fún ọ ní fódà kan tó ti tú sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fi --noupx sí i, torí UPX tó ń fún fáìlì pọ̀ wà lára ohun tó ń bí antivirus nínú. Lẹ́yìn náà, kó fódà yẹn fún Inno Setup, òun ló máa sọ ọ́ di fáìlì setup tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 1997, èmi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa pààrọ̀ rẹ̀. Fi PrivilegesRequired=lowest sínú ìwé ìtọ́ni tó o máa kọ fún un, kò ní máa béèrè pásíwọọ̀dù ọ̀gá kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹnikẹ́ni ní ọjà ò rántí mọ́. Kó gbèsè lọ sínú %APPDATA%, fódà tí Windows yà sọ́tọ̀ fún ẹrù sọ́fítíwia. Bí wọ́n bá yọ sọ́fítíwia kúrò lọ́la, Inno ò ní fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe òun ló gbé wá.

Tó bá kan ojú búlúù yẹn, kọ́ wọn kí wọ́n tẹ More info, kí wọ́n wá tẹ Run anyway. Ó tán.

OmoLisabi, 9:30 alẹ́

Yéè! __file__ ni mo lò lóòótọ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ó ti bọ́ nìyẹn, àbí? Gbèsè ọjọ́ 12?

Penguin_Camp, 9:37 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ UPX yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àyàfi bí UPX bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dì í ni PyInstaller tó ń lò ó. Bí bọ̀bọ́ yìí ò bá gbé UPX wá fúnra ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Onefile ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi, ẹ fi UPX sílẹ̀.

IyaIbeji_Kuto, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Kútọ̀, ojoojúmọ́ ayé ni fíláàṣì àwọn èèyàn ń gba ọwọ́ mi kọjá, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Èkíní, Egbon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ àwọn obìnrin ọjà pé kí wọ́n máa tẹ Run anyway. Lónìí, ti OmoLisabi ni. Lọ́la, ọmọ jìbìtì kan á gbé tiẹ̀ wá, ojú búlúù kan náà á yọ, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Nígbà yẹn ta la máa mú? Ohun tó ń fa ojú yẹn ni pé kò sí òǹtẹ̀ tó ń sọ ẹni tó ṣe é lára fáìlì náà, Windows ò sì tíì mọ̀ ọ́n rí. Òótọ́ ni pé owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra òǹtẹ̀ yẹn, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san án. Láti June 2023 pàápàá, wọn ò gbà kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀, kàn wà lórí kọ̀ǹpútà lásán, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ ààbò tirẹ̀. Àmọ́ SignPath Foundation ń fi òǹtẹ̀ lu sọ́fítíwia lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí kóòdù wọn wà ní gbangba. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń béèrè, ọmọ mi, lọ kà á.

Èkejì, %APPDATA% tí wọ́n ní kó o lò yẹn. Fódà tó fara pamọ́ ni! Bí kọ̀ǹpútà bá dàrú, tí wọ́n gbé e lọ fún àwọn ọmọ tó ń tún un ṣe, kí ni wọ́n máa ń dà kọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́? Desktop, Documents, fọ́tò. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣí AppData wò rí. Documents ni kí ìwé gbèsè wà.

Ẹ̀kẹta, má fi Gmail ránṣẹ́. Kì í gba .exe, kódà bó o dì í sínú zip. Fíláàṣì tó o sì ń gbé kiri yẹn, tó o bá ti fi sí ìsọ̀ mẹ́ta, má gbà pé ohun tó o gbé jáde nílé ló ṣì wà lórí ẹ̀. Kọ nọ́ńbà SHA-256 fáìlì yẹn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó máa yí bí nǹkan bá yí nínú fáìlì) sínú ìwé. Ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, SHA256. Bí nọ́ńbà tó jáde bá yàtọ̀ sí tinú ìwé, nǹkan ti wọ̀ ọ́, má fi sórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

Egbon_Obantoko, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Ti Run anyway, mo gbà, ẹ ti nà mí. Ti Documents, mi ò gbà tán. Ohun tó bá wà ní Documents, ọmọ ilé á fi ṣeré, á fà á sínú Recycle Bin. Kí database wà ní AppData, kí sọ́fítíwia fúnra rẹ̀ sì máa da ẹ̀dà kan kọ sí Documents ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa á dé, pẹ̀lú ọjọ́ lára orúkọ rẹ̀.

IyaIbeji_Kuto, 7:21 àárọ̀

Ìyẹn dáa. Kó má kàn dúró de ìgbà tí wọ́n bá pa á dé o. Ta ló ń pa kọ̀ǹpútà dé nílùú yìí? Iná ló ń pa á.

OmoLisabi, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ míì tún yọ. Ẹnì kan sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ìsọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ti ń ta sọ́fítíwia mi ní ₦5,000! Èmi tí mo ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́! Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ofin_OkeIlewo, 1:48 ọ̀sán

Kò ṣeé ṣe, PyQt ti dì ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sanwó fún PyQt, abẹ́ ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà 3 ló ti gbà á, ìyẹn èyí tó jáde ní 2007. Bó o bá sì ti fi sínú ohun tó ò ń pín fún èèyàn, abẹ́ GPL ni ohun tó ò ń pín náà gbọ́dọ̀ wà. GPL ò gbà kéèyàn fi "ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á" kún un.

Àwọn òyìnbó ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìjà, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", ni wọ́n ní fún méjèèjì. Àwa kò ní ìṣòro yẹn. Ọ̀fẹ́ lọ̀tọ̀, òmìnira lọ̀tọ̀. Òmìnira ni Richard Stallman, olùkọ sọ́fítíwia, ń wá nígbà tó kéde iṣẹ́ GNU, ètò kọ̀ǹpútà tó ní òmìnira, ní 1983: kéèyàn lè lò ó, kó wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó pín in. Títà wà lára pípín. Oníṣọ́ọ̀bù Pánṣẹ́kẹ́ yẹn kò ṣẹ̀ ọ́ bó ṣe ń gba ₦5,000. Ibi tó ti lè ṣẹ̀ ni bí ẹni tó rà á bá béèrè kóòdù rẹ̀ tí kò rí i gbà, tàbí bó bá yọ ìwé àṣẹ kúrò.

Bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o fi kóòdù sí ibì kankan? Ṣé ìwé GPL wà nínú ẹrù tó ò ń pín? Bí kò bá sí, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣẹ̀, kì í ṣe òun.

OmoLisabi, 1:55 ọ̀sán

😶 Mi ò fi sí ibì kankan.

Tokunbo_Lafenwa, 2:10 ọ̀sán

😂😂 Ẹlẹ́jọ́ ti di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Akowe_IjeunTitun, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba àmì ohùn. Mo gba sọ́fítíwia yìí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo fi sórí Windows 7 mi. "Ṣadé" jáde dáadáa, àmọ́ ní "Ọ̀ṣúnkúnlé", àmì tó wà lórí Ọ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Ìdí ni pé Ọ ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n Ọ̀ tó ní àmì lórí tó tún ní lábẹ́ ò ní, méjì ni wọ́n so pọ̀, fọ́ǹtì ló sì máa tò wọ́n. Má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ǹtì tó o bá lórí kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni. Di fọ́ǹtì Noto Sans mọ́ ẹrù rẹ, ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan tún kù. Orúkọ kan náà lè wọlé lọ́nà méjì, kí ojú má rí ìyàtọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ láti fóònù, mo tún tẹ̀ ẹ́ láti kọ̀ǹpútà, sọ́fítíwia rẹ kà á sí oníbàárà méjì. Sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ọ̀nà ìkọ tí Unicode là sílẹ̀ kí orúkọ kan má ní ojú méjì, kó o tó fi pamọ́.

Penguin_Camp, 7:02 alẹ́

Ó dáa, mo ti gbọ́, ará Ìtòkú ò lo Linux. Àwa díẹ̀ tá à ń lò ó ńkọ́? Bọ̀bọ́, PyInstaller ò lè jókòó sórí Windows kó di ti Linux fún ẹ. Orí Linux ni wàá ti di ti Linux. Orí èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tó o fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lé ni kó o sì ti dì í. Bó o bá dì í lórí Ubuntu (ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux) tuntun, ẹni tó wà lórí ti àtijọ́ á kàn rí "GLIBC not found", ìyẹn ni pé ohun tí sọ́fítíwia náà nílò ò sí níbẹ̀, ó tán.

Ofin_OkeIlewo, 7:20 alẹ́

AppImage tí Penguin ń yìn lánàá, lórí Ubuntu 22.04 tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò tilẹ̀ bú mi. Mo wá rí i pé wọn ò fi libfuse2, ohun tí AppImage náà nílò kó tó ṣí, sínú Ubuntu láti 22.04 mọ́, àfi kéèyàn wá a fúnra rẹ̀.

Penguin_Camp, 7:26 alẹ́

Òótọ́ ni, mo gbà. Flatpak náà, kí n má purọ́, ẹni tó ń fi ẹyọ kan sórí ẹ̀rọ nígbà àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB ẹrù ìpìlẹ̀ wálẹ̀, dátà á sì jẹ ẹ́ níyà. Ayé ìgbà tí ShipIt ń fi síídì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ti lọ. 2011 ni wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró, mo ṣì ní mẹ́rin nínú páálí. Fún Ubuntu, di .deb, irú ẹrù tí Ubuntu mọ̀, fún wa. Ìyẹn ò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Tokunbo_Lafenwa, 9:11 alẹ́

OmoLisabi, mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ àǹtí ẹ látàárọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n ń lò, àbí? Ṣé wọ́n ní UPS?

OmoLisabi, 9:13 alẹ́

Orí tábìlì ni. UPS ti kú tipẹ́, wọ́n kàn gbé fáànù lé e lórí ni.

Tokunbo_Lafenwa, 9:19 alẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ní bí wọ́n bá pa á dé, á gbá fódà _MEI dànù. Bí wọ́n bá PA Á DÉ. Bí iná bá lọ lójijì ńkọ́, ta ló máa gbá a? Fódà á wà níbẹ̀ ni. Mo ti rí ogún _MEI rí nínú Temp oníbàárà mi kan, mo rò pé kòkòrò ni.

Lọ sí Ìtòkú láàárọ̀ ọ̀la. Má ṣí sọ́fítíwia yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi CCleaner tàbí sọ́fítíwia agbálẹ̀ míì kan Temp. Tẹ Windows àti R, kọ %TEMP%, wá ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _MEI.

Egbon_Obantoko, 9:25 alẹ́

Tokunbo, o mà gbọ́n o! Àbúrò, bó bá jẹ́ SQLite lo fi ṣe database, bó o bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí -journal lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (òun ni SQLite fi ń tún ara ṣe bí iṣẹ́ bá já lójijì), da méjèèjì kọ pọ̀, má yà wọ́n. Má ṣí ìkankan níbẹ̀ o, orí ẹ̀dà tó o bá gbé délé ni kó o ti ṣí i.

OmoLisabi, Ọjọ́rú, 11:40 òwúrọ̀

Ìtòkú ni mo ti ń kọ èyí. Mo bá fódà _MEI mẹ́jọ. Mẹ́jọ! Gbèsè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú tirẹ̀, kò dín kò lé, ọ̀kan ní -journal, mo dà á kọ pọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Nínú ọjọ́ 12, ọjọ́ mẹ́jọ ni iná lọ kí àǹtí mi tó pa á dé. Ọjọ́ mẹ́rin tí iná dúró ṣinṣin di alẹ́ ni mi ò rí.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo mí, wọ́n wo gílóòbù. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mò ń dúpẹ́ pé iná ò lọ, ọjọ́ yẹn lowó mi lọ."

Ti ará Ṣágámù wà nínú ti ọjọ́ Ẹtì. Yáàdì mẹ́wàá, ó ku ₦18,000. Wọ́n ti ń pè é báyìí.

IyaIbeji_Kuto, 11:52 òwúrọ̀

Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ mi. Ìwé gidi.